Ìfiwéra nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì: "-er", "-est", "more" àti "most"

Ìfiwéra nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà tí èdè náà ń gbà sọ pé nǹkan kan ga, dára tàbí yá ju òmíràn lọ, tàbí pé òun ló tayọ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe àti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìrísí mẹ́ta ni wọ́n sì ní. Ìrísí lásán kì í fi nǹkan wé nǹkan, bíi "tall". Ìrísí ìfiwéra ń fi ẹyọ kan wé èkejì, bíi "taller". Ìrísí àjùlọ ń yọ ẹyọ kan láàárín ọ̀pọ̀, bíi "tallest". Àfòmọ́ "-er" àti "-est" tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni ọ̀nà kìíní. "More" àti "most" tó ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ ni ọ̀nà kejì.

Láàárín àwọn Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Nàgó, ẹ̀kọ́ yìí kì í bọ́ sórí ilẹ̀ òfìfo. Faransé ni èdè ìjọba àti ti ilé ìwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ (Save), láti ayé tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Dahomey, kó tó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, títí di òní. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àjèjì tí ọmọ ń bá pàdé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí olùkọ́ bá fi máa kọ "tall, taller, tallest" sójú pátákó, "ju … lọ" ti ilé àti "plus … que" ti ilé ìwé ti gba ààyè lọ́kàn ọmọ náà tipẹ́.

Àfòmọ́ tàbí "more"

Iye sílébù ló ń pinnu. Ọ̀rọ̀ onísílébù kan máa ń gba àfòmọ́: "old" di "older" àti "oldest", "cheap" di "cheaper" àti "cheapest". Ọ̀rọ̀ tó ní sílébù mẹ́ta sókè kì í gbà á, "more" àti "most" ni tirẹ̀: "more expensive", "most important".

Àárín méjèèjì ni wàhálà wà. Ọ̀rọ̀ onísílébù méjì tó parí sí "-y" ń gba àfòmọ́, "y" náà á sì di "i": "happy", "happier", "happiest". Àwọn tó parí sí "-ful", "-less", "-ous" àti "-ing" ń gba "more", bíi "more careful", "more famous" àti "more boring". Àwọn bíi "clever", "quiet", "simple" àti "narrow" kò kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tó kọ "cleverer" kò ṣẹ̀, ẹni tó kọ "more clever" náà kò ṣẹ̀.

Òfin sílébù yìí kì í ṣe òfin onírin. "Unhappy" ní sílébù mẹ́ta, síbẹ̀ "unhappier" tọ́, torí pé "happy" ló wà nídìí rẹ̀. "Tired" àti "bored" kúrú, àmọ́ "more tired" àti "more bored" ni wọ́n ń sọ, torí pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ti fà wọ́n yọ.

Ní ti kíkọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ onísílébù kan tó bá parí sí lẹ́tà fáwẹ́lì ẹyọ kan àti kọ́ńsónáǹtì ẹyọ kan máa ń sọ kọ́ńsónáǹtì ìkẹyìn di méjì: "big", "bigger", "hot", "hotter". "Clean" kì í ṣe bẹ́ẹ̀, fáwẹ́lì méjì ló ṣíwájú "n" rẹ̀. "New" náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí "w" kì í di méjì. Ọ̀rọ̀ tó ti ní "e" nídìí, bíi "large", kò nílò òmíràn mọ́: "larger", "largest".

Ọ̀rọ̀ pípè ní ìkẹ́kùn tirẹ̀ tí ìwé kì í fi hàn. Bí wọ́n bá ń pe "long", "strong" àti "young" lọ́nà tí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ là sílẹ̀, a kì í gbọ́ "g" ní ìparí wọn. Kí "-er" dé báyìí, "g" náà á jáde sí gbangba: "longer", "stronger", "younger". "Singer" ń kọ́, tó jọ wọ́n lójú ìwé? Kò ní "g" tó ń dún, torí pé "-er" tirẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń ṣe nǹkan, kì í ṣe ti ìfiwéra. Lẹ́tà méjì kan náà, iṣẹ́ méjì.

Ibi tí ọ̀nà méjì náà ti wá

"-er" àti "-est" ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì láti ìpìlẹ̀. Inú ẹbí èdè tí Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì jọ ti wá ni wọ́n ti jogún wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "-ra" àti "-ost" tàbí "-est" ni wọ́n ń kọ ọ́. Láyé ìgbà yẹn, àfòmọ́ náà máa ń yí fáwẹ́lì inú àwọn ọ̀rọ̀ kan padà: "eald", tó di "old" lónìí, ń di "ieldra". Èdè Jámánì ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ dòní, "alt" ń di "älter", "lang" ń di "länger". Gẹ̀ẹ́sì ti jù ú nù. Ohun tó kù níbẹ̀ ni "elder" àti "eldest", tí wọ́n ń lò fún ọmọ ìyá àti ẹbí.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. "Near" fúnra rẹ̀ jẹ́ ìrísí ìfiwéra láyé àtijọ́, ti ọ̀rọ̀ tó di "nigh" lónìí, "next" sì ni àjùlọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn kò rántí mọ́, wọ́n tún gbé "-er" lé e, ó di "nearer". Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ tó ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

"More" àti "most" gbilẹ̀ nígbà tó yá. Lẹ́yìn tí àwọn Norman, tí wọ́n ń sọ Faransé, gba ilẹ̀ England ní 1066, ọ̀rọ̀ Faransé rọ́ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn, ọ̀nà tí Faransé sì ń gbà fi nǹkan wéra, ìyẹn ni fífi "plus" síwájú, jọ ti "more" bí ìbejì. A kò lè sọ pé Faransé nìkan ló mú un wá, torí pé irú rẹ̀ ti yọjú díẹ̀díẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì kó tó dìgbà yẹn. Fún ìgbà pípẹ́, fífi méjèèjì pọ̀ kò di ẹ̀ṣẹ̀. Láyé Shakespeare, òǹkọ̀wé eré Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1616, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń kọ "more" pẹ̀lú "-er" sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn onígírámà ọ̀rúndún kejìdínlógún ló sọ ọ́ di èèwọ̀. Robert Lowth, tí ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1762, wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni "more better" ti di ohun tí olùkọ́ ń fa ìlà pupa sí.

Àwọn tí kì í tẹ̀lé òfin

"Good" ń di "better" àti "best". "Bad" ń di "worse" àti "worst". "Much" àti "many" jọ ń lo "more" àti "most". "Little" ń lo "less" àti "least". Wọn kò pọ̀, àmọ́ àwọn gan-an lẹnu ń lò jù lójoojúmọ́, ìyẹn ni wọn kò fi yí padà: ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń pè látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í ráyè gba òfin tuntun.

Ọmọ tó ti kọ́ Faransé kì í ta kọsẹ̀ púpọ̀ níbí. Ó ti mọ̀ pé a kì í sọ "plus bon", pé "meilleur" ni. Nítorí náà kì í ṣòro fún un láti gbà pé "more good" kò sí. Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ dín ẹrù rẹ̀ kù. Faransé ya "meilleur" ti ọ̀rọ̀ àpèjúwe sọ́tọ̀ kúrò lára "mieux" ti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, "better" kan ṣoṣo sì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì nínú Gẹ̀ẹ́sì.

"Far" ní ìrísí méjì, "farther" àti "further". Fún ọ̀nà tó jìn lórí ilẹ̀, èyíkéyìí tọ́: "Ketu is farther from the sea than Porto-Novo, and Save is the farthest of the three." Fún "àfikún" tàbí "síwájú sí i", "further" nìkan ni wọ́n ń lò, bíi "further information".

Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó parí sí "-ly" ń gba "more" àti "most": "more quickly", "most carefully". Àwọn tí ìrísí wọn kò yàtọ̀ sí ti ọ̀rọ̀ àpèjúwe ń gba àfòmọ́, bíi "fast", "hard", "late" àti "soon": "She runs faster", "He came later". "Early" ló ń tan èèyàn jẹ. "-ly" wà nídìí rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ "earlier" ni, kì í ṣe "more early". "Well" ń di "better", "badly" ń di "worse".

"Than", "as" àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké

Ọ̀rọ̀ tó ń so nǹkan méjì pọ̀ lẹ́yìn ìrísí ìfiwéra ni "than". Bí nǹkan méjì bá dọ́gba, "as … as" ni: "as tall as". Bí wọn kò bá dọ́gba, "not as … as" tàbí "not so … as". Ìrísí àjùlọ sábà máa ń ní "the" níwájú, nítorí pé ẹyọ kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn lè tọ́ka sí ni. Bó bá jẹ́ pé méjì péré ni wọ́n, ìwé gírámà sọ pé ìrísí ìfiwéra ni kí á lò, "the taller of the two". Ẹnu àwọn tó ni èdè kì í fìgbà gbogbo pa á mọ́.

Ìwé iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kan ní Àjàṣẹ́ lè fi hàn bí ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ṣe ń dá ọmọ lọ́wọ́ kọ́. Wọ́n ní kí ó fi Àjàṣẹ́ wé Kùtọnú. Ó kọ ọ́ báyìí: "Porto-Novo is more old that Cotonou." Bíìrò pupa kọjá lórí "more old", ó kọ "older" sókè, ó tún kọjá lórí "that", ó kọ "than". Àṣìṣe méjèèjì, inú "plus vieille que" ni wọ́n ti jáde: "plus" ló di "more", "que" tó ń túmọ̀ sí "pé" ló di "that". Ìlà tó tẹ̀ lé e kò ní àléébù kankan: "Cotonou is bigger than Porto-Novo." Òótọ́ ni pẹ̀lú. Nínú ìkànìyàn 2013, èèyàn 679,012 ni wọ́n kà ní Kùtọnú, 264,320 ní Àjàṣẹ́ tí í ṣe olú ìlú.

"Que" kan náà ló tún ń fa "as tall than". Faransé ń lò ó fún "plus … que" àti "aussi … que" láìyà wọ́n sọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Níbi kan, Yorùbá ló gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ Faransé. Faransé ń sọ "la meilleure de la classe", ẹni tó bá sì tẹ̀ lé e á kọ "the best of the class". "In the class" ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rò ó lọ́kàn pé "òun ló mọ̀wé jù ní kíláàsì" kò ní ṣi ọ̀rọ̀ gbé, "ní" ti fi "in" lé e lọ́wọ́.

"Less" jẹ́ òdìkejì "more", "least" sì jẹ́ òdìkejì "most". Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún un. "Kò wọ́n tó" là ń sọ, ìyẹn sì bá "not as expensive as" mu rẹ́gí. Faransé ní "moins cher", torí náà "less expensive" ló máa ń yá lẹ́nu àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àmọ́ lẹ́nu ọjà, "cheaper" ni ẹni tó ni èdè máa sọ.

"Jù" ti Yorùbá

Nínú "Igi yìí ga ju ilé lọ", kò sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe kankan. "Ga" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, "jù" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, "lọ" náà jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, gbogbo wọn sì tò tẹ̀ lé ara wọn. Ohùn "jù" pàápàá ń hùwà bíi ti ọ̀rọ̀-ìṣe: ìsàlẹ̀ ni níwájú arọ́pò-orúkọ, "ó jù mí lọ", ó sì ń di àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, "ó ju Àkànbí lọ". Irú ìfiwéra tó ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí wọ́pọ̀ ní Áfíríkà. Èdè Gùn, tí wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, àti èdè Fọ̀n ń lo "hú", Haúsá ń lo "fi". Píjìn náà ń lo "pass". Oníbàárà tó bá ti Nàìjíríà wọ ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, tó gbé àǹkárá méjì sọ́wọ́, tó ní "dis one fine pass dat one", Yorùbá ló ń sọ láti ìdí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn dà bò ó. Ìwé gírámà á ní kó sọ pé "This one is nicer than that one", kó sì fi "is" kún un, torí pé "nice" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, kò lè dá dúró bíi "dára".

Ọjọ́ orí ni ìyàtọ̀ ti le jù. Yorùbá lè sọ pé "ó jù mí lọ" láìdárúkọ ohun tó fi ju èèyàn, kí gbogbo ilé sì mọ̀ pé ọjọ́ orí ni. Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, "older" gbọ́dọ̀ jáde. Bí a bá wá fẹ́ sọ iye ọdún tó wà láàárín, Yorùbá á lo "fi": "ó fi ọdún méjì jù mí lọ". Faransé á ní "il a deux ans de plus que moi", ọmọ tó bá tú u ní òkodoro á kọ "he has two years more than me". Gẹ̀ẹ́sì ń gbé iye ọdún síwájú ìrísí ìfiwéra: "He is two years older than me." Ohun kan náà ni fún gíga, iye owó àti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ní ìfiwéra nínú kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Kò sí bí Yorùbá ṣe lè dárúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ láìsọ ẹni tó ṣáájú wá sáyé. Gẹ̀ẹ́sì ní "brother" tí kò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ orí, ìdí nìyẹn tí "elder" àti "younger" fi ń bá a rìn. "Elder" kì í gba "than" o. "My elder brother" tọ́, "he is elder than me" kò tọ́. Láàárín àwọn tó ka Faransé, "my big brother" ló máa ń jáde, "grand frère" ló bí i. Ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì ń sọ bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ létí àgbà ó dún bí ọ̀rọ̀ ọmọdé.

"Jù" láìsí "lọ" ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà, àgbà àtọmọdé. "Ata yìí ta jù" kì í ṣe ìfiwéra; ó ti kọjá ohun tí ẹnu lè gbà, "too hot" ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí ìyá tó ń lọ ata fi "ló" kan ṣoṣo kún un: "Ata yìí ló ta jù." Ọ̀rọ̀ ti yí. Kò sọ pé ata náà burú mọ́. Ó ń sọ pé nínú gbogbo ata tó wà lórí àtẹ, òun ni ọ̀gá wọn, "the hottest". Iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi "the" àti "-est" ṣe, "ló" àti "jù" ni Yorùbá fi ṣe é. Láàárín "too" àti "-est" yìí ni "too" ti sá wọ ibi tí kò yẹ, tí ẹni tó fẹ́ yin oúnjẹ fi ń sọ pé "this food is too sweet", tí àjèjì tó se oúnjẹ náà á sì gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, torí ó rò pé wọ́n ní ṣúgà pọ̀ níbẹ̀ ni.

Ọ̀nà ìfiwéra kan ṣì kù tí "the" méjì ń ṣe: "The higher you climb, the farther you see." "The" ibí yìí kì í ṣe ti "the house". Ọ̀rọ̀ mìíràn ni láyé àtijọ́, "þy" ni wọ́n ń kọ ọ́, ó sì ń tọ́ka sí ìwọ̀n tí nǹkan fi pọ̀ sí i. Yorùbá kì í lo "jù" fún irú èyí rárá. Ẹni tó bá ń gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́ á sọ pé bí èèyàn bá ṣe gòkè tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ á ṣe ríran jìnnà tó.